Ṣúgà Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

"Ẹ lọ mú nọ́ọ̀sì yẹn wá! Inú fóònù ló ti fẹ́ẹ́ pa ìyàwó mi!"

Bí Mahadzir ẹlẹ́ja ṣe wọ àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Taiping láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Bàtà rọ́bà tó fi ń tajà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìpẹ́ ẹja sì lẹ̀ mọ́ ọn lápá títí dé ìgúnpá. Ó gbé fóònù kan ka orí tábìlì mi, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tì í, irú èyí tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ara wọn. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, èyí tí àwọn tó wá gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn wọ̀n, ṣì wà lójú rẹ̀. Kò pé méjì.

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, ṣúgà rẹ̀ kì í ju mẹ́fà lọ láàárọ̀ kó tó jẹun, kì í sì í lọ sí ìsàlẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá já wálẹ̀ dé méjì ti dákú nìyẹn, ó sì lè má jí mọ́.

"Ṣé ó ṣì wà láàyè?" mo bi í.

"Ó wà nílé ìwòsàn. Kò tíì lajú. Ẹ sọ fún mi, Tuan, ọ̀gá mi, ṣé èèyàn lè ti inú fóònù pààyàn ni?"

Kí n tó dáhùn, ọ̀gá mi ti jáde láti yàrá rẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ Thilagavathi ni orúkọ rẹ̀, Puan Thilaga la máa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣáájú rẹ̀ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, òun ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀gá mi. Èyí tó tún wá ń dùn mí ju ti ipò lọ ni pé obìnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní roti, mẹ́ta ló máa ń jẹ láàárọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀, tíì oní mílíkì á tẹ̀lé e, àmọ́ kò sanra, kò ṣàìsàn. Èmi tí mo ń jẹ ewé lásán, ìgbànú mi ti lo gbogbo ihò rẹ̀ tán.

Ó fa àga, ó jókòó ti Mahadzir. "Ẹ mí kanlẹ̀, Abang," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. "Kí ni nọ́ọ̀sì náà ṣe?"

Ọkùnrin náà ṣí fóònù ìyàwó rẹ̀, ó sì nà án sí mi. Rosnani ni obìnrin náà ń jẹ́, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí Fésíbúùkù tí wọ́n ń pè ní Pinggan Ringan, ìyẹn Abọ́ Fúyẹ́. Àwọn ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá tó sanra jù tàbí tí ṣúgà ń bá fínra ló wà níbẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń ya fọ́tò ẹ̀rọ wọn, wọ́n á fi han ara wọn. Wọ́n á ya abọ́ oúnjẹ wọn pẹ̀lú. Tí ẹnì kan bá bu ìrẹsì jù, àwọn tó kù á fi ṣẹ̀fẹ̀ títí á fi bu díẹ̀ kúrò. Lọ́jọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wọn á fún ẹni tó ṣe dáadáa jù ní ìràwọ̀. Kílò mẹ́tàlélógún ti kúrò lára Rosnani láàárín ọdún kan, ó sì gba ìràwọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún léra wọn.

"Ẹ wo ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sí i," ni Mahadzir wí. "Ìwọ̀n mẹ́rìnlá ló ń gún nínú abẹ́rẹ́ ínsúlínì alaalẹ́. Ó ní kó sọ ọ́ di ogún. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní kó sọ ọ́ di méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìlọ́po méjì! Mo ti lọ ọjà láti aago mẹ́rin. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n pè mí."

"Ta ló pè yín?"

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Razif. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Inú ẹgbẹ́ náà lòun náà wà. Ó ní òun ò rí fọ́tò Rosnani láàárọ̀ yìí, pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní kí n sáré lọ wò ó."

"Òun ló gba ẹ̀mí ìyàwó yín là nìyẹn."

"Kí ló kàn án?" Ó gbá tábìlì. "Ọkùnrin wo ló ń ka ìṣẹ́jú lórí ìyàwó oníyàwó? Gbogbo fọ́tò tí Rosnani bá ti gbé síbẹ̀, á fi àwòrán ọkàn pupa sí i. Mẹ́ta-mẹ́ta! Nígbà tí ìyàwó mi sanra, ta ló wò ó? Èmi nìkan ni mò ń wò ó!"

Puan Thilaga wo fóònù náà dáadáa. "Fóònù tuntun nìyí."

Mahadzir tẹ orí ba. "Mo fọ́ ti àkọ́kọ́ mọ́ ògiri. Ní oṣù tó kọjá. Ṣé ọkùnrin kì í jowú ni?"

Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé mi, mo sì fa ilà méjì sí i nídìí. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí.

*

Nọ́ọ̀sì Lim Siew Ting ò sá fún wa. Ó ti ń dúró dè wá ní yàrá kékeré kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wú, fóònù rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹ̀rí ara rẹ̀ kalẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ló sọ kí a tó jókòó. "Mi ò ní purọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, àfi ọ̀kan, ni ṣúgà rẹ̀ fi ga. Mẹ́tàlá. Mẹ́rìndínlógún. Mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó ń rí márùn-ún, mẹ́fà láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn! Mo béèrè ohun tó jẹ, oúnjẹ rẹ̀ ò yí padà. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo fi kún abẹ́rẹ́. Kò wálẹ̀. Mo tún fi kún un."

"Fọ́tò nìkan lẹ rí?"

"Fọ́tò nìkan."

"Ẹ ò pè é wá kí ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n?"

"Ó yẹ kí n pè é. Àwọn ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n, Puan. Èmi nìkan ni. Tí mo bá jí láàárọ̀ tí mo rí nọ́ńbà ọ̀ọ́dúnrún èèyàn lórí ibùsùn mi, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti rí àwọn fúnra wọn." Ó nu imú. "Dókítà pè mí láti ilé ìwòsàn láìpẹ́ yìí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yẹn kò jọ ti ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti wà lókè fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò jọ ọ́ rárá."

Puan Thilaga tẹ̀ síwájú. "Ẹ tún un sọ."

"Ó ní ṣúgà rẹ̀ ò fìgbà kan ga."

A wo ara wa. Mo ní, "Ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Ó ṣeé ṣe," ni ọ̀gá mi wí. Ó mú ẹ̀rọ Rosnani jáde nínú ọ̀rá. "Sájẹ́ńtì Badrul, ẹ mú ìka wá."

"Ìka tèmi ni?"

"Ẹ fi ọṣẹ fọ ọ́ ná. Ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, àbí ẹ ò ní?"

Ara mi gbóná. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́. Ìyàwó mi pàápàá ò tíì mọ̀. "Ta ló sọ fún yín, Puan?"

"Ẹ̀yin ni. Nígbà tí Mahadzir fún wa ní fóònù, ẹ ò wá ẹgbẹ́ náà kiri. Ìka yín lọ síbi tí fọ́tò òwúrọ̀ wà tààrà, kó tó fi hàn yín. Ẹ sì mọ̀ pé méjì burú kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé. Kí ni orúkọ yín níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì Lim ti ń wò mí. Mo fi ohùn kékeré sọ ọ́. "Ọmọ Adágún."

"Ọmọ Adágún!" ni nọ́ọ̀sì pariwo. "Ẹ̀yin ni! Ọdún kan gbáko lẹ fi ń wo abọ́ oúnjẹ àwọn èèyàn, ẹ ò fi ti yín hàn rí!"

Mo fọ ọwọ́. Ẹ̀rọ Rosnani ní mẹ́jọ. Ti nọ́ọ̀sì náà ní mẹ́jọ. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ.

Bí a ṣe fẹ́ jáde, ọ̀gá mi tún yíjú padà. "Ta ló máa gba ìràwọ̀ tí Rosnani ò bá gbà á?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Àánú rẹ̀ ló ṣe mí, mo tún fún un, mo pè é ní ìràwọ̀ ìgboyà. Tí mi ò bá fún un, Saodah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ì bá gbà á. Èmi àti Saodah la jọ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, nígbà tí ṣúgà gé ẹsẹ̀ ìyá wọn."

*

Ilé tíì kan wà ní ọ̀nà ilé Mahadzir. Ibẹ̀ ni Puan Thilaga ní kí n páàkì sí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, òjò Taiping tí kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ra búrẹ́dì tí wọ́n fi kaya, jáàmù àgbọn oníṣúgà, kún inú rẹ̀, èmi mu tíì tí kò ní nǹkan kan nínú. Mo ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Tí ìlara bá ń mú èèyàn rù, èmi ni ì bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ Perak.

"Ẹ gbé ojú yín kúrò lára búrẹ́dì mi," ló wí láìgbójú sókè. "Ẹ wá wo èyí. Nọ́ńbà wà, ṣúgà ò sí. Ẹ̀rọ ò sì purọ́. Níbo ni nọ́ńbà ti wá?"

"Ọkọ ni. Ó ti jí abẹ́rẹ́ gún un, tàbí…"

"Abẹ́rẹ́ ń mú ṣúgà wálẹ̀, Sájẹ́ńtì. Ohun tó gbé nọ́ńbà sókè là ń wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo fọ́tò Rosnani lọ́kọ̀ọ̀kan láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bákan náà ni gbogbo wọn rí: tábìlì onígi lọ́ọ̀dẹ̀, ẹ̀rọ, ìka, àti ègé òwú tútù kan tí obìnrin náà fi nu ìka kó tó gún un. Mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá. Mẹ́rìndínlógún. Nígbà tó dé ọjọ́ Àìkú, ó dúró.

"Márùn-ún ààbọ̀. Kí ló dé lọ́jọ́ Àìkú?"

Mo rántí, torí mo ti kà á. "Ilé ọmọ rẹ̀ ní Kuala Kangsar ló sùn sí. Ìgbéyàwó ni wọ́n lọ ṣe. Gbogbo èèyàn fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọjọ́ tó jẹ ìrẹsì àti ẹran jù ni ṣúgà rẹ̀ dára jù. Razif ní kó máa lọ síbi ìgbéyàwó lójoojúmọ́."

"Ẹ̀rọ yìí kan náà ló mú lọ?"

"Òun náà ni. Ẹ wo àmì pupa tó wà lára rẹ̀."

"Àmọ́ kò sí òwú nínú fọ́tò. Omi ẹ̀rọ ló fi fọwọ́ níbẹ̀." Ó fi ìka méjì fa fọ́tò ọjọ́ Ajé tóbi, ó gbé fóònù náà fún mi. "Kí lẹ rí lára òwú yẹn?"

Mo wò ó. Àmì dúdú mẹ́ta. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, títí mo fi rí ẹsẹ̀ wọn.

"Èèrà."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí. Èèrà méjì. Ọjọ́rú àná, mélòó?"

"Mẹ́rin. Ọ̀kan ti gun ẹ̀rọ." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn àgbà wa kò ní ẹ̀rọ nígbà tiwọn. Ibi tí èèrà bá ti pé lé ìtọ̀ ẹni ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ṣúgà ti wọ ara rẹ̀. "Puan, ṣúgà wà lára òwú náà. Ó ń fi ṣúgà nu ìka, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kàn án, ẹ̀rọ á sì ka àpapọ̀ méjèèjì."

"Inú ìlú tí òjò àti ooru ti ń mú kí gbogbo ara máa lẹ̀ báyìí, ta ló máa bi ara rẹ̀ ìdí tí ìka òun fi ń lẹ̀?" Ó nu ẹnu, ó dìde. "Ẹni tó ń wọ ilé yẹn láràárọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká lọ."

*

Tábìlì inú fọ́tò náà la bá lọ́ọ̀dẹ̀ Mahadzir. Agolo òwú gbígbẹ wà lórí rẹ̀, àti ìgò kékeré kan tí omi kún ìdajì rẹ̀. Ìlà èèrà ti ẹsẹ̀ tábìlì gòkè, tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ.

"Omi wo nìyí?" ni ọ̀gá mi béèrè.

"Omi tí mo sè," ni Mahadzir dáhùn. "Nọ́ọ̀sì ní omi mímọ́ ni kó máa fi nu ọwọ́. Èmi ni mo máa ń pọn ọ́n sínú ìgò kí n tó lọ ọjà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ìtọ́jú, Puan, ìyẹn nìkan ni mo lè ṣe fún un."

Mo fọwọ́ kan ìgbànú mi níbi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà. Ọkùnrin náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ kó sí i.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń pọn ọ́n," ni Puan Thilaga wí. "Ojoojúmọ́?"

"Ojoojúmọ́. Kí ló ṣe é? Omi lásán ni!" Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ó gbé ìgò náà, ó da ẹ̀kún ẹnu kan mì.

Ó dúró. Ó fi ahọ́n lá ètè rẹ̀. Ó wo ìgò náà bí ẹni tí ajá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀.

"Ó dùn," ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Puan, ó ń dùn. Ta ló fi ṣúgà sí omi ìyàwó mi?"

Ọwọ́ mi bọ́ lára ìgbànú. Ẹni tó fi ṣúgà síbẹ̀ kò ní gbé e mu níwájú ọlọ́pàá méjì, ojú kan kò sì lè purọ́ irú ìyàlẹ́nu yẹn. Ọ̀gá mi gba ìgò náà, ó kán díẹ̀ sórí òwú, ó sì na ọwọ́ sí mi. Mo ti mọ ohun tó fẹ́. Mo nu ìka mi tí ẹ̀rọ ka mẹ́jọ lára rẹ̀ ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn, mo gún un.

Mọ́kàndínlógún.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mu tíì lásán," ló wí. Ó yíjú sí Mahadzir. "Tẹ́ ẹ bá ti lọ ọjà, ta ló máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ níbí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àfi Kak Odah, ìyẹn Saodah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ilé rẹ̀ nìyẹn, lódìkejì gọ́tà. Tí wọ́n bá kírun òwúrọ̀ tán, àwọn méjèèjì ló jọ máa ń wọn ṣúgà níbí. Òun ló tètè máa ń dé, á ti jókòó de Rosnani. Lónìí, ó ní òun ò rí i kó jáde, òun bá padà sílé."

Obìnrin náà ti ń bọ̀. Ó ń kọjá lórí pákó tí wọ́n fi dábùú gọ́tà, agboòrùn lọ́wọ́ kan, abọ́ àsáró ìrẹsì tó ní ìdérí lọ́wọ́ kejì. Saodah sanra, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, orúnkún sì ń dùn ún. Ó gbé abọ́ náà síwájú Mahadzir.

"Jẹun, àbúrò. O ò tíì jẹ nǹkan kan." Ó kí wa pẹ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé ó ti lajú?"

"Kò tíì lajú," ni Puan Thilaga dáhùn. "Kak Odah, ẹ ò tíì gbé fọ́tò yín sínú ẹgbẹ́ lónìí. Àwọn èèyàn ti ń béèrè yín. Ẹ jókòó, ẹ wọ̀n ọ́n. Òwú nìyí, omi nìyí."

Saodah jókòó. Ó mú ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde nínú àpò. Ó wo ìgò náà, ó wo òwú, ó sì fa ègé pépà ìnuwọ́ kan yọ látinú apá aṣọ rẹ̀, ó fi nu ìka rẹ̀ láìlo omi.

"Ẹ lo omi," ni ọ̀gá mi wí.

"Mo ti fọ ọwọ́ nílé."

"Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ náà."

"Mo ní mo ti fọ ọwọ́."

Puan Thilaga kò pariwo. Ó gbé fóònù ka iwájú rẹ̀. "Fọ́tò tiyín nìyí, láti oṣù tó kọjá. Òwú tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yín lójoojúmọ́. Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pépà ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, pépà mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tẹ́ ẹ jáwọ́ nínú omi ìgò yìí ni ṣúgà àbúrò yín gòkè. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn án?"

Mahadzir ti gbé ṣíbí sókè, kò sì gbé e sílẹ̀.

"Kak Odah?" ló wí. "Kak Odah, ẹ dá wọn lóhùn."

"Ṣíbí mẹ́ta péré ni," ni Saodah wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò fi oró kankan síbẹ̀. Ṣúgà lásán. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé kì í ṣe áńgẹ́lì. Ìyẹn nìkan."

"Torí ìràwọ̀?"

"Ìràwọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín tí kò ní ayọ̀ nínú. "Kí ni mo fẹ́ fi ìràwọ̀ ṣe? Ẹ ka ohun tó kọ ní oṣù tó kọjá. Ẹ kà á. Ó ní, 'Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ìyá mi lọ ilé ìgbẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi búra pé mi ò ní kú irú ikú yẹn.' Gbogbo ayé sunkún. Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló tẹ àtàǹpàkò sí i, wọ́n gbé e kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ síta. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ipoh ní kó wá sọ ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta." Ó gbá àyà ara rẹ̀. "Èmi ni mo gbé Mak, ìyá wa! Èmi! Kuala Lumpur ni Rosnani wà nígbà yẹn, ìgbà ọdún ló máa ń wá, pẹ̀lú bisikíìtì inú páálí. Ibi tí mo ti ń gbé Mak ni orúnkún mi ti bàjẹ́. Orúnkún yìí ni kò jẹ́ kí n lè rìn, kò jẹ́ kí n lè fọn. Òun ń rìn yí adágún po láràárọ̀, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí i, ó sì tún wá mú ìyá mi lọ!"

"Ẹ sọ fún un?"

"Mo sọ fún un. Ó ní, 'Kak, ìyá àwa méjèèjì ni, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń jowú?'"

Mahadzir ti sorí kodò. Èmi náà ń wo ilẹ̀. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí lára, kí ẹni tó gba nǹkan ẹni tún máa béèrè ìdí tí a fi ń jowú.

Ọ̀gá mi kò wo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n kò rọ̀. "Ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì sọ abẹ́rẹ́ di ogún. Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Lọ́jọ́ Ajé, ó sọ ọ́ di méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀yin lẹ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹ mọ ohun tí abẹ́rẹ́ yẹn máa ń ṣe fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ò ga. Kí ló dé tí ẹ ò dá a dúró?"

Saodah gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo wá síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti da omi náà nù. Mo bá a níbi tó ti ń kọ́ ohun tó máa sọ ní rédíò. Ó ń sunkún dáadáa, bíi pé òun ló ṣe é lóòótọ́." Ó nu ojú. "Mo ní, ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò ní lè lọ. Mi ò da omi náà nù."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mi ò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i. Mo dì í mú lápá títí a fi kọjá lórí pákó, nítorí orúnkún rẹ̀.

*

Rosnani lajú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a dé ibẹ̀, Mahadzir ti jókòó tì í, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì tún ń sọ ọ́.

"Ẹ̀wọ̀n! Ẹ̀wọ̀n ni mo fẹ́! Ó ń gbé àsáró wá fún mi, òun ló sì fẹ́ẹ́ sọ mí di opó ọkùnrin!"

"Abang," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ dákẹ́ ná."

Ojú obìnrin náà funfun bí aṣọ ibùsùn. Puan Thilaga mú ìwé jáde. "Puan Rosnani, tí ara yín bá le tó, a nílò ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ló máa wọlé ẹjọ́."

"Kí ni Kak Odah sọ pé ó fà á?"

Ọ̀gá mi kà á fún un, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fo orúnkún, kò fo bisikíìtì. Rosnani ń wo òrùlé. Omijé kan jáde ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, kò nù ún.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Mi ò gbé Mak rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Òórùn ọgbẹ́ yẹn ò jẹ́ kí n lè wọ yàrá. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí. Lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, mo fẹ́ kọ 'ẹ̀gbọ́n mi'. Mo kọ ọ́ pàápàá. Mo wá pa á rẹ́, mo kọ 'èmi', mo sì rí i pé ó dùn ún kà jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mahadzir wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ṣé kí n kọ ìyẹn sílẹ̀?" ni ọ̀gá mi béèrè.

"Ẹ kọ ọ́."

"Ó lè dín ẹjọ́ rẹ̀ kù. Ṣé ẹ fẹ́ ká tú u sílẹ̀ ni?"

"Rárá." Ohùn rẹ̀ le lójijì. "Ó jókòó síwájú mi láràárọ̀, Puan. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń fi ṣúgà nu ìka. Mo ń ké lọ́jọ́ Ajé pé mi ò mọ ohun tí mo ṣẹ̀, òun ló gbá mi mọ́ra. Ẹ má tú u sílẹ̀." Ó yí ojú sí ògiri. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ kí adájọ́ kà á sókè, kí gbogbo ènìyàn gbọ́: òun ló gbé Mak. Ọdún mẹ́ta. Òun nìkan."

Ọ̀gá mi kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Rosnani ní kí á gbé ìwé náà súnmọ́ òun, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fọwọ́ sí i.